Mábù ara ògiri tó ń mì

Ìbéèrè: Ilé alájà mẹ́ta tí bàbá wa kọ́ ní Ìbàdàn ní mábù lára ògiri iwájú. Méjì ti ń mì. Ṣé kí n ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ wọ́n padà?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ fi okùn dí ìsàlẹ̀ ibẹ̀, lónìí yìí. Kí wọ́n wá fi òòlù onígi kan gbogbo mábù náà jẹ́jẹ́: èyí tó bá dún bí agbè òfìfo ti ṣí kúrò lára ògiri, bí kò tilẹ̀ mì. Irin tí kì í dógùn-ún ni kí wọ́n fi dì í, kó gba inú mábù wọ kọnkéré ẹ̀yìn rẹ̀. Irin lásán (òun ló wọ́pọ̀ lọ́jà) a dógùn-ún, a wú, a sì la mábù. Ẹ wá ibi tí omi ń gbà wọlé lókè pẹ̀lú.

Ẹ tún wò ó bóyá mábù yín ti tẹ̀. Ní Chicago, mábù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti Carrara ni wọ́n fi bo ilé gogoro tí à ń pè ní Aon Center lónìí. Mábù náà tẹ̀, wọ́n sì fi gíránáìtì rọ́pò gbogbo rẹ̀ láàárín 1990 sí 1992. Bí tiyín bá ti tẹ̀, ẹ má dì í, ẹ yọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹnjiníà ṣáájú bíríkìlà.