Ìwé Ilẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ń Wá Ìran: Ọmọ Tí Ìyá Rẹ̀ Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

 

Iṣẹ́ tèmi ní yunifásítì ni kí n máa fi DNA bakitéríà ya igi ìran wọn, ká lè mọ èyí tó bá èyí tan. Bakitéríà ò kúkú ní ìwé ìbí. Àmì kéékèèké tó bá wà lára eléyìí tó tún wà lára tọ̀hún la fi ń mọ̀ pé orísun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo wá kà nípa bí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe ń wá ìran àwọn ìdílé ọlọ́lá tó wà ní ilẹ̀ Faransé ní ohun tó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, ó dà bíi pé iṣẹ́ tèmi náà ni wọ́n ń ṣe. Àmọ́ kò sí DNA níbẹ̀ o. Ìwé ilẹ̀ ni wọ́n ń lò.

Ìwé ilẹ̀ wo nìyẹn?

Láyé ìgbà yẹn, tí ìjòyè kan bá fẹ́ kí àwọn mọ́ńkì máa gbàdúrà fún òun, ilẹ̀ ló máa fún wọn: oko, ọgbà àjàrà, igbó, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn èèyàn tó ń ro oko náà. Akọ̀wé á kọ ọ́ ní èdè Látìnì sórí awọ ẹran. Á dárúkọ ẹni tó fúnni, ibi tí ilẹ̀ náà wà, ọdún tí ọba ti lò lórí oyè, àti àwọn ẹlẹ́rìí. Nígbà tó jẹ́ pé iná lè jó awọ, tí eku sì lè jẹ ẹ́, àwọn mọ́ńkì máa ń da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá kan. Ti ilé àwọn mọ́ńkì Cluny nìkan, nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọdún 1876 sí 1903, ìdìpọ̀ 6 ló jẹ́, ìwé ẹ̀bùn tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 5,000.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe wọ ìwé ilẹ̀? Ọ̀nà méjì ni. Àkọ́kọ́, ẹni tó ń fúnni máa ń sọ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún: bàbá mi, ìyá mi, ìyàwó mi, àbúrò mi tó ti kú. Èkejì, bí ẹ bá ti rí ẹjọ́ ilẹ̀ rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Tí bàbá bá fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ilẹ̀ lónìí, ọmọ lè dé lọ́la kó ní ilẹ̀ ẹbí àwọn ni, àwọn ò sí níbẹ̀. Kí àwọn mọ́ńkì lè dènà irú wàhálà bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń fẹ́ kí ìyàwó, àwọn ọmọ àti àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fọwọ́ sí i.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó jókòó láti kọ ìtàn ìdílé nínú gbogbo èyí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ̀wé lé lórí. Ọ̀rọ̀ ẹbí kàn yọ́ wọlé ni. Ibi tí agbára ìwé wọ̀nyí wà gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan wò ó.

Guillaume àti ìyàwó rẹ̀ méjèèjì

Guillaume (Faransé ni wọ́n fi ń pe William) jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun Charlemagne. Ó kọ́ ilé àwọn mọ́ńkì kan sí Gellone, láàárín òkè, níbi tí wọ́n ń pè ní Saint-Guilhem-le-Désert lónìí, kò jìnnà sí Montpellier. Ní oṣù Kejìlá ọdún 804 ló fún wọn ní ilẹ̀, tó sì ka orúkọ àwọn ẹbí rẹ̀: bàbá rẹ̀ ni Theodoric, ìyá rẹ̀ ni Aldana, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ náà, àti ìyàwó méjì tó fẹ́, Witburgh àti Cunegund. Ìwé kan péré, ìran mẹ́ta!

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ o. Oríṣi méjì ni ìwé yìí, ọ̀kan láti Gellone, ọ̀kan láti ilé àwọn mọ́ńkì Aniane tó wà nítòsí. Nígbà tó yá, ilé méjèèjì ń bára wọn jà lórí bóyá Aniane ló ni àṣẹ lórí Gellone, oníkálukú sì tún ìwé Guillaume kọ lọ́nà tó máa gbè é. Àwọn onímọ̀ gbà pé wọ́n ti tọwọ́ bọ méjèèjì lójú.

Ṣé ká wá sọ ọ́ nù ni? Rárá o. Ohun tí a máa ń ṣe ní lábù la máa ṣe. Nígbà tí mo bá ń ya igi ìran bakitéríà, mi ò kì í gbára lé àbùdá tó ń jẹ́ kí oògùn má ràn án, torí àǹfààní wà nínú ẹ̀. Bakitéríà máa ń gba irú àbùdá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá a tan rárá. Ibi tí àyípadà ò ti ṣe é lóore tí kò sì ṣe é níbi ni mo máa ń wò, ibẹ̀ ni ìran ti ń sọ òótọ́. Ìwé Guillaume náà nìyẹn. Gbólóhùn tó bá kan ẹni tó láṣẹ lórí Gellone, ẹ má gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyàwó méjì tó ti kú? Èrè wo ló wà nínú rẹ̀ fún mọ́ńkì tó ń ṣẹjọ́?

A tún ní ẹlẹ́rìí kejì, obìnrin sì ni.

Dhuoda

Guillaume bí Bernard. Bernard fẹ́ Dhuoda ní ọdún 824, ó sì fi í sílẹ̀ sí ìlú Uzès, níhà gúúsù, òun wà níbi tí ogun àti òṣèlú wà. Wọ́n fi ọmọ wọn àkọ́bí, Guillaume, ránṣẹ́ sí ààfin ọba Charles Apárí, kí ọba lè gbà pé bàbá rẹ̀ ò ní dalẹ̀. Nígbà tí ọmọ yìí wà ní nǹkan bí ọdún 15, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìmọ̀ràn sí i, ó sì parí rẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 843. Ìwé náà ṣì wà títí dòní.

Ó ní kí ọmọ náà máa gbàdúrà fún àwọn òkú ìdílé bàbá rẹ̀, ó sì to orúkọ wọn: Guillaume, Cunegund, Gerberga, Witburgh, Theodoric, Gozhelm, Warnar, Rothlind. Ẹ rí i? Cunegund àti Witburgh tún ti dé. Ìyá tó ń kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀ ò bá Aniane tàbí Gellone dá ẹjọ́ kankan pọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Àwọn kan nínú orúkọ yìí, ikú burúkú ni wọ́n kú. Nígbà ogun àwọn ọmọ ọba ní ọdún 834, Lothar ní kí wọ́n bẹ́ orí Gozhelm ní Chalon, ó sì ní kí wọ́n ju Gerberga sínú odò Saône, wọ́n ní àjẹ́ ni. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà ló sọ èyí fún wa. Dhuoda ò sọ ọ́. Orúkọ nìkan ló kọ. Ó wá ní tí òun náà bá kú, kí ọmọ náà fi orúkọ òun kún un.

Ibì kan wà nínú ìwé yìí tó dùn mí. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 841, Dhuoda bí ọmọkùnrin kejì. Bernard ní kí wọ́n gbé e wá bá òun ní Aquitaine kí wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún un. Nígbà tí Dhuoda ń kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun ò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Bernard mélòó?

Ní ọdún 844, ọba Charles pa Bernard, ó ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Ní ọdún 850 wọ́n pa Guillaume ọmọ rẹ̀ náà. Ó wá ku ìkókó yẹn. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?

Ibí ni iṣẹ́ ti le. Láti nǹkan bí ọdún 860, ó kéré tán Bernard mẹ́ta ló ń jà káàkiri gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò sì sẹ́ni tó ní orúkọ ìdílé nígbà yẹn. Ọ̀kan ni Bernard ti Gothia. Ọ̀kan ni Bernard ti Toulouse, tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Màlúù. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n wá ń pè ní Plantevelue, ìyẹn ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ hu irun (mi ò mọ ẹni tó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀). Hincmar, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Reims, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ọdọọdún rẹ̀ pé ní ọdún 864 Bernard kan sá pamọ́ sínú igbó láti pa àwọn èèyàn ọba. Ó ní ọmọ Bernard apàṣẹwàá yẹn ni, ó jọ ọ́ lára, ó jọ ọ́ níwà. Ọ̀rọ̀ èébú ni Hincmar ń sọ o, kò mọ̀ pé òun ń bá wa wá ìran.

Bernard Plantevelue bí ọmọkùnrin kan, ẹ sọ orúkọ rẹ̀. Guillaume! Guillaume, Bernard, Bernard, Guillaume. Bí àwa ṣe ń sọ ọmọ ní Babátúndé kí orúkọ bàbá má bàa parẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń dá orúkọ àwọn àgbà wọn padà nínú ilé. Orúkọ nìkan ò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni lè sọ ọmọ rẹ̀ ní Guillaume. Àmọ́ tí ẹ bá fi kún ọ̀rọ̀ Hincmar, ẹ máa rí ìdí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi gbà pé ìkókó tí Dhuoda kò mọ orúkọ rẹ̀ nìyí, pé orúkọ bàbá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Guillaume ọmọ Bernard yìí ni wọ́n ń pè ní Olùfọkànsìn, Dúkì Aquitaine. Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 910 ló fi Cluny tọrẹ fún àwọn mọ́ńkì. Ìwé yẹn dárúkọ ìyàwó rẹ̀, Ingelberga, ó sì sọ pé Ava ló fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún un. Ava yìí, “soror” rẹ̀ ni. Ẹ wò ó, ó ṣòro fún wa láti túmọ̀ ìyẹn sí Yorùbá, torí Látìnì ò sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni “nepos” ṣe lè jẹ́ ọmọ ọmọ, ó sì lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò. Ẹni tó bá yára túmọ̀ rẹ̀ lè sọ ẹnì kan di bàbá àgbà láìtọ́jọ́.

Àmọ́ nígbà mìíràn, Látìnì ló máa ń là á yé wa. Guillaume kú ní ọdún 918 láìní àrólé. Ẹni tó jẹ oyè lẹ́yìn rẹ̀ ni Guillaume Kékeré, Acfred sì tẹ̀ lé e. Ní ọdún 927, Acfred kọ ìwé ẹ̀bùn fún Sauxillanges ní Auvergne. Ó ní bàbá òun ni Acfred, ìyá òun ni Adelinda, ó sì pe Guillaume Olùfọkànsìn ní “avunculus”. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá ìyá ẹni ni ọ̀rọ̀ yẹn. Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá bàbá ni, “patruus” ni wọn ì bá pè é. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀dọ̀ obìnrin, Adelinda, ni oyè náà gbà kọjá. Kódà déètì ìwé náà ń sọ̀rọ̀: ọdún karùn-ún tí àwọn Franki aláìṣòótọ́ ti dójú ti ọba wọn Charles tí wọ́n sì yan Rodolphe, ó ní. Akọ̀wé kan ń bínú! Ọdún yẹn kan náà ni Acfred kú láìní àrólé, oyè náà sì bọ́ sọ́wọ́ ìdílé mìíràn.

Ìwé tó ba nǹkan jẹ́

Ẹ jẹ́ ká fò dé ọdún 1695. Ìdílé La Tour d'Auvergne ti di ńlá láàfin Louis XIV, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa bu ọlá fún àwọn bí ọmọ ọba, kì í ṣe bí ìjòyè lásán. Tí wọ́n bá lè fi hàn pé ọkùnrin dé ọkùnrin ni àwọn fi ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè Auvergne àtijọ́ tó tún jẹ́ Dúkì Aquitaine, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìwé náà kò pẹ́ kó tó “yọjú”: àwọn ewé àtijọ́, wọ́n ní láti ṣọ́ọ̀ṣì Brioude ni, gbogbo ohun tí ìdílé náà ń wá ló sì wà nínú rẹ̀ pátá.

Wọ́n gbé e fún Mabillon yẹ̀ wò. Mọ́ńkì yìí ló kọ De re diplomatica ní ọdún 1681, ìwé tó kọ́ gbogbo Yúróòpù bí a ṣe ń fi ìkọ̀wé, awọ, èdìdì àti gbólóhùn déètì mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Òun, Ruinart tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àti ọ̀mọ̀wé Baluze fọwọ́ sí i pé ojúlówó ni.

Ayédèrú ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean-Pierre de Bar ló ṣe é. Wọ́n mú un ní ọdún 1700, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ní ọdún 1704. Ó mọ bí ìkọ̀wé àtijọ́ ṣe rí, ó sì ṣe é dáadáa. Lójú tèmi, ìkọ̀wé kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ kọ wọ́n lóminú. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn ni pé kí ló dé tí ìwé yìí fi dáhùn ìbéèrè tí ẹni tó gbé e wá ń béèrè gẹ́lẹ́. Witburgh àti Cunegund ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé de Bar ló wúlò.

Baluze kò gbà. Ní ọdún 1708, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìdájọ́, ó tẹ ìtàn ìdílé Auvergne jáde, ìdìpọ̀ méjì gbáko, ó sì lo ìwé wọ̀nyẹn nínú rẹ̀. Ní ọdún 1710, Kádínà de Bouillon, tó jẹ́ ọmọ ìdílé La Tour, sá lọ bá àwọn tí ọba ń bá jagun. Inú bí Louis XIV. Ó ní kí wọ́n pa ìwé náà run, wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ Baluze, wọ́n sì lé e kúrò ní Paris. Ẹni ọdún 79 ni. Ọdún 1713 ni wọ́n tó jẹ́ kó padà wálé.