Bí Èrò Kò Bá Tíì Dé, Ẹ Má Ba Iṣẹ́ Yín Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ eré, tí ẹ ń ya fíìmù, tí ẹ sì ń gbé e sórí YouTube, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Mo ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ẹ ní ẹ ṣe eré tó dára nípa àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ náwó, ẹ nára, àwọn tó wò ó kò sì tó nǹkan. Àwọn kan nínú yín ti ń gbèrò láti ki ìbọn àti ìpànìyàn bọ inú ìtàn, bóyá èrò á dé. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Àwọn kan ti gba ọ̀nà yìí kọjá rí.

Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ eré àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Friday Night Lights. Inú ìwé tí H. G. Bissinger kọ ní ọdún 1990, nípa ikọ̀ bọ́ọ̀lù ilé-ìwé girama kan ní ìlú Odessa ní ìpínlẹ̀ Texas, ni eré náà ti ṣẹ̀. Peter Berg ti fi ìwé yẹn ṣe sinimá ní ọdún 2004 kó tó gbé e wá sórí tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá o. Èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré ni, tí wọ́n ń dé àṣíborí, tí wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí àgbò.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú ìpín àkọ́kọ́, Jason Street, ọ̀dọ́mọkùnrin tí gbogbo ìlú Dillon inú eré náà gbójú lé, fara pa lórí pápá, kò sì lè rìn mọ́. Matt Saracen ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Eric Taylor rán wọ pápá dípò rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Bàbá Matt wà lójú ogun ní Iraq. Òun àti ìyá àgbà rẹ̀ tó ti ń ṣarán ni wọ́n jọ ń gbé. Bó bá kúrò ní pápá, ibi iṣẹ́ ló ń lọ. Bó bá kúrò níbi iṣẹ́, ó di ìtọ́jú arúgbó. Ta ni ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ní wọ̀ lára?

Wọ́n tún mọ iṣẹ́ náà ṣe. Kámẹ́rà mẹ́ta ni wọ́n fi ń yà á lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí ìdánrawò, láìsí pé wọ́n fàmì sílẹ̀ fún òṣèré pé ibí ni kó dúró sí. Ilé gidi àti pápá gidi ní agbègbè Austin ni wọ́n lò. Àwọn lámèyítọ́ yìn ín. Síbẹ̀, òǹwòran kò pọ̀.

Kí ló fà á? Àwọn tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rò pé bọ́ọ̀lù lásán ni, wọn kò yà síbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù rí ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nínú rẹ̀, wọ́n ní èyí kì í ṣe tiwọn. Àkókò náà kò gbè é. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí, ó sì bá ètò ijó Dancing with the Stars pàdé lórí ìkànnì ABC. Nígbà tó di sáà kejì ní ọdún 2007, wọ́n gbé e sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Bẹ́ẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni àwọn ilé-ìwé girama ń gbá bọ́ọ̀lù yìí! Àwọn tí ìtàn náà bá wí ti wà ní pápá, wọ́n ń wo ọmọ wọn.

Sáà kejì yẹn náà ni wọ́n ṣe ohun tí ẹ̀yin fẹ́ ṣe yìí. Wọ́n mú Landry, ọmọ tó máa ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó pa ọkùnrin kan tó ń dọdẹ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tyra, òun àti Tyra sì ju òkú náà sódò. Àgùntàn tó bá bájá rìn á jẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń wò ó látìbẹ̀rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n tìtorí wọn ṣe é kò sì wá. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òǹkọ̀wé eré tún dé ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2007. Nínú ìpín 22 tí wọ́n fẹ́ ṣe, 15 péré ló jáde.

Kí ló wá yọ wọ́n? Kì í ṣe pé èrò ya lù wọ́n lójijì. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ DirecTV, tó ń ta tẹlifíṣọ̀n orí sátẹ́láìtì, bá NBC pín ìnáwó rẹ̀. Àwọn tó ń sanwó fún DirecTV kọ́kọ́ wo sáà kẹta, lẹ́yìn náà ni NBC tó gbé e jáde. Ìtàn ìpànìyàn yẹn pòórá, eré náà padà sórí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: ìdílé, ilé-ìwé, pápá. Ó dé sáà karùn-ún, ó pé ìpín 76 kó tó parí ní ọdún 2011. Lọ́dún yẹn ni Kyle Chandler tó ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá gba àmì-ẹ̀yẹ Emmy, Jason Katims náà sì gba tirẹ̀ fún ìpín ìkẹyìn tó kọ. Inú eré yìí kan náà ni Michael B. Jordan ti ṣe Vince, kí ayé tó mọ̀ ọ́n nínú sinimá Creed àti Black Panther.

N kò ní tàn yín o. Sùúrù nìkan kì í gba iṣẹ́ là. Pitch, eré nípa ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ wọ agbo àwọn ọkùnrin tó ń gbá baseball, bẹ̀rẹ̀ lórí ìkànnì Fox ní ọdún 2016. Iṣẹ́ tó dáa ni. Ìpín mẹ́wàá péré ló ṣe, ó sì parí síbẹ̀. Kò rí alájọpín tó máa bá a gbé ẹrù.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ tèmi. Kí ẹ tó ya àwòrán kan ṣoṣo, ẹ mọ ẹni tó ni ìtàn yín, kí ẹ sì sọ fún un kedere pé tirẹ̀ ni. Ẹ má gbé eré bọ́ọ̀lù jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tí Arsenal bá ń bá Chelsea gbá. Àwọn tí ẹ ń wá ti kún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti lọ bá wọn, lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá parí. Bó bá jẹ́ pé ogójì péré ló ń padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ tọ́jú wọn, ẹ fi wọ́n han ẹni tó lówó lọ́wọ́, kó lè bá yín pín ìnáwó. Ẹ má lé ogójì tó dúró tì yín lọ nítorí ẹgbẹ̀rún tí kò tíì dé.