ÈÈPO TÁNGANRAN LÓRÍ EYÍN TÍ ÀWỌ̀ RẸ̀ YÍ: ǸJẸ́ Ó TỌ́ FÚN MÙSÙLÙMÍ?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a fẹ́ dáhùn ìbéèrè kan tí ó ti wọ́pọ̀ láàrin yín: ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ kan dúdú, ǹjẹ́ ó lè lọ bá dókítà eyín kí ó fi èèpo funfun bò ó? Veneer ni àwọn òyìnbó ń pe èèpo náà. Àwọn kan ní harámù ni, pé yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà ni. Àwọn mìíràn ní kí oníkálukú ṣe eyín rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò pé. Kí a tó dájọ́ lórí nǹkan, ó yẹ kí a mọ nǹkan ọ̀hún ná.

1. KÍ NI ÈÈPO YÌÍ?

Èèpo tín-ín-rín ni, kò sábà nípọn ju èékánná ọwọ́ lọ, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ti tánganran: dókítà yóò gba ìwọ̀n eyín, wọn yóò sì lọ ṣe é ní yàrá iṣẹ́ kí wọ́n tó wá lẹ̀ ẹ́. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní composite: dókítà fúnra rẹ̀ ni yóò mọ ọ́n sórí eyín, tí yóò sì fi iná aláwọ̀ búlúù mú un le. Ti tánganran sábà máa ń lo ọdún 10 sí 15. Composite kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọ̀ obì àti tíì sì tètè máa ń mú un, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kéré sí ti tánganran.

Charles Pincus, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní nǹkan bí ọdún 1928 fún àwọn òṣèré sinimá Hollywood. Nígbà náà, kì í lẹ̀ pẹ́. Bí wọ́n bá ti ya fíìmù tán, wọn á yọ ọ́. Ní ọdún 1955 ni Michael Buonocore fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì pa ojú eyín, ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ọn yóò dì í mú gírígírí. Ọ̀nà tí iṣẹ́ ti òde òní gbà wá nìyẹn.

Ẹ di ọ̀rọ̀ kan mú níbí yìí. Kí èèpo tánganran tó lè jókòó dáadáa, dókítà sábà máa ń fá díẹ̀ kúrò lára eyín. Èèpo líle tí Ọlọ́hun fi bo eyín kì í hù padà bí irun. Ẹni tó bá ti fá a, ó ti fá a títí láé, bí ti àkọ́kọ́ bá sì gbó, yóò tún wá òmíràn fi rọ́pò.

2. KÍ LÓ Ń YÍ ÀWỌ̀ EYÍN PADÀ?

Àwọ̀ kan wà tí ó ti ìta wá: obì, tíì, kọfí, sìgá àti ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín. Àwọ̀ kejì ti inú eyín wá. Bí wọ́n bá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 ní oògùn tetracycline, tàbí tí aboyún lò ó nígbà tí oyún ti dàgbà, eyín ọmọ náà lè pọ́n tàbí kí ó di eléérú. Omi tí fluoride pọ̀ jù nínú rẹ̀ náà ń fi àbàwọ́n sí eyín ọmọdé. Bákan náà, bí ènìyàn bá ṣubú tàbí tí bọ́ọ̀lù bà á lẹ́nu, ohun alààyè inú eyín lè kú, eyín yẹn nìkan yóò sì máa dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Irú èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹ́ lásán. A ti kọ́ ọmọ tí ohùn rẹ̀ dùn nínú kéwú, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ ka Àlùkùránì sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eyín kan ṣoṣo. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ bo ẹnu.

3. KÍ NI ÀWỌN ONÍMÍMỌ̀ SỌ?

Ibn Mas'ud (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) gba hàdíìsì wá, tí Bukhari àti Muslim kọ sílẹ̀, nípa ègún tó wà lórí àwọn obìnrin tí ń fín ara àti àwọn tí ń la àárín eyín wọn nítorí ẹwà, tí wọ́n ń yí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá, nítorí èjí jẹ́ ẹwà lọ́dọ̀ wa. Èjí tí Ọlọ́hun fi dá ènìyàn, ẹ̀bùn ni. Èyí tí ènìyàn fi irin là fúnra rẹ̀ ni hàdíìsì náà ń bá wí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, "nítorí ẹwà". Imam Nawawi, tí ó kú ní ọdún 1277, ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ààlà sí ìdájọ́ náà: ẹni tó ṣe é fún ìwòsàn tàbí nítorí àléébù tó wà lára eyín, kò sí ohun tó burú. Tabari le jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí yíyí ohun tí a dá mọ́ni padà, síbẹ̀ òun náà yọ ohun tó ń ni ènìyàn lára sílẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn ni ti sàábé tí ń jẹ́ Arfajah. Imú rẹ̀ gé sọnù ní ojú ogun Kulab kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà ṣe imú, ó ń rùn, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì ní kí ó fi wúrà ṣe é. Abu Dawud àti Tirmidhi gba èyí wá. A kò sọ fún un pé kí ó gbé àléébù náà rìn gẹ́gẹ́ bí kádàrá. Ní ọdún 2007, ìgbìmọ̀ àwọn onímímọ̀ fíkíhù àgbáyé tí ó jókòó ní Putrajaya, ní Malaysia, náà gbà pé iṣẹ́ abẹ tó ń tún àléébù tí ìjàǹbá tàbí àìsàn fà ṣe tọ́.

Nítorí náà: eyín tí ìjàǹbá tàbí oògùn bà jẹ́, títún un ṣe tọ́. Eyín tó dá ṣáká, tí ènìyàn fẹ́ fá nítorí kí tirẹ̀ lè funfun bíi ti òṣèré, ẹ̀rù ègún yẹn ń bà wá fún un, yàtọ̀ sí pé ó ń ba ohun tó dára jẹ́.

4. ÈWO NI KÍ Á KỌ́KỌ́ ṢE?

(i) Ẹ lọ bá dókítà eyín tòótọ́, tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kì í ṣe ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà lójú fídíò. Kí ó yẹ eyín wò. Bí jíjẹrà tàbí àìsàn erìgì bá wà, ìyẹn ni kí ó tọ́jú ná.
(ii) Bó bá jẹ́ àwọ̀ ìta ni, kí wọ́n fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi pákò sílẹ̀, nítorí sunnah ni.
(iii) Eyín tó ti kú, dókítà lè tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, kí ó sì fi oògùn sọ ọ́ di funfun láti inú, láì fá iwájú rẹ̀.
(iv) Bí èyí kò bá tó, kí a wo composite. Lẹ́yìn rẹ̀ ni tánganran. Eyín kan ló bàjẹ́, eyín kan ni kí a tún ṣe. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fá mẹ́jọ, ẹ béèrè ìdí.
(v) Ẹ má ṣe jẹ gbèsè nítorí rẹ̀.

5. ÀLÙWÀLÁ, ÀÀWẸ̀ ÀTI WÚRÀ

Lọ́dọ̀ Imam Malik, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé, sunnah ni yíyọ omi sẹ́nu nínú àlùwàlá àti ìwẹ̀ jánábà. Èèpo tí a ti lẹ̀ pa kò ba ìkankan jẹ́. Ní ti ààwẹ̀, ìgbìmọ̀ fíkíhù kan náà sọ ní Jeddah ní ọdún 1997 pé iṣẹ́ eyín kò ba ààwẹ̀ jẹ́ bí aláàwẹ̀ kò bá gbé ohun tó dé ọ̀fun mì. Bí kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ó dára kí a fi di alẹ́. Ní ti eyín wúrà tí àwọn kan ń fi ṣe àmì pé àwọn ti Mẹ́kà dé, ẹ̀yin ọkùnrin, wúrà harámù fún yín láìsí bùkátà. Nígbà tí tánganran sì wà, bùkátà wo ló kù?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin èjí àbímọ́ àti èyí tí a là?
2. Ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn Arfajah kọ́ wa nípa àléébù?
3. Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ ronú dáadáa kí a tó fá eyín?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ṣàǹfààní. Òun ló mọ̀ jùlọ.