Àkànní, Ta Ló Rán Ọ Ní Abẹ́rẹ́ Olówó Gọbọi?

Àkànní, wá jókòó síbí kí n bá ẹ wí. Má sọ fún mi pé fóònù ń ké. Jẹ́ kó ké. Iye tí o pè fún mi pé o fi ra kátíríìjì yẹn, mo ní kí o tún un pè, mo ṣe bí etí mi ló ti ń di ni. Ohun tí kò tó èékánná àtàǹpàkò! O wá dè é mọ́ ṣénjà, o gbé àwo Yusuf Ọlátúnjí lé e, ohùn tó jáde kò ju ti ẹ̀fọn tó ń kùn nínú yàrá kejì lọ. Ìwọ náà wá wọkọ̀ láti Ṣágámù wá sí Ìkẹ́nnẹ́, o wá ń bi mí pé ṣé àwọn àwo bàbá ẹ ni kò dáa mọ́. Àwo ẹ̀gbọ́n mi ni kò dáa? Ọmọ yìí, o gbójú o.

Èmi tí mo ta àwo ní Sábó títí kásẹ́ẹ̀tì fi lé wa kúrò níbẹ̀, o ò kọ́kọ́ bi mí kí o tó náwó. Àwọn tí ẹ jọ ń tẹ fóònù lo gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní èyí tó bá ti wọ́n jù náà ló dáa jù. Aláṣejù, pẹ́ẹ́rẹ́ ní í tẹ́. Ó dáa, mu omi, kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Wò ó. Poro ni wọ́n gbẹ́ sí ojú àwo, ó yí i ká láti etí títí dé àárín. Abẹ́rẹ́ ń rìn nínú poro yẹn, ògiri ẹ̀ ń mì ín síwá sẹ́yìn. Mímì yẹn ni kátíríìjì ń sọ di iná tín-ín-rín, tí àńpílífáyà á wá sọ di ńlá kó tó di ohùn. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di iná ló yàtọ̀ síra. Nínú irú kan, òòfà kékeré ló wà nídìí ọ̀pá abẹ́rẹ́, òun ló ń mì láàárín wáyà tí wọ́n wé. MM ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nínú irú èyí tí o rà, wáyà ló wà lára ọ̀pá abẹ́rẹ́, òòfà ló dúró sójú kan. MC nìyẹn. Wáyà tí ọ̀pá tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè gbé kò lè pọ̀, ìdí ẹ̀ nìyí tí iná tó ń mú jáde kò fi tó nǹkan.

Denon DL-103, tí wọ́n ṣe ní 1962 kí iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn NHK ní Japan lè máa fi gbé orin sáfẹ́fẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe títí dòní, mìlífóòtì 0.3 ni tiẹ̀. Ortofon 2M Red tó jẹ́ MM, 5.5. Ṣírò ẹ̀ fúnra ẹ, ìwọ tó kàwé: ó ju ìlọ́po méjìdínlógún lọ. Ojú ihò tí wọ́n kọ PHONO sí lẹ́yìn àńpílífáyà ẹ, MM ni wọ́n ṣe é fún. O wá lọ ki ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ sókè bọ̀ ọ́, o yí fólúùmù títí ó fi dé òpin, kí lo ń retí? Iná NEPA ló ń bá ẹ kọrin.

Mi ò sọ pé MC burú o. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ẹ̀ dìde, tó sì ní apá ṣénjà tó yẹ ẹ́, á gbádùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí dáyámọ́ǹdì ẹnu ẹ̀ bá jẹ tán, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, odindi ẹ̀ lo máa dá padà fún àwọn tó ṣe é, tàbí kí o ra òmíràn. Ti MM, ọwọ́ lásán lo máa fi fa abẹ́rẹ́ yọ, o ti tuntun sí i, ó parí. Ìwọ tí ọmọ ẹ kékeré ń fọwọ́ gbá gbogbo ohun tó wà nílé! Lọ́jọ́ tó bá fa abẹ́rẹ́ MC yẹn, ẹkún ta ni màá wá rẹ̀, tiẹ̀ ni àbí ti ọmọ?

Bàbá ẹ kò mọ MM, kò mọ MC. Rédíógíràmù ló ní, èyí tó ga tó àyà mi nígbà náà, ṣénjà BSR ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ẹ̀. Kátíríìjì ṣẹ̀rámíìkì ni wọ́n máa ń fi sí irú ẹ̀: ẹ̀là kékeré kan tó jẹ́ pé bí abẹ́rẹ́ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, iná ń jáde lára ẹ̀. Iná yẹn pọ̀ débi pé kò nílò ihò PHONO rárá, ìyẹn ló jẹ́ kó pariwo tí gbogbo Mákun fi ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ń wúwo lórí àwo, gíráàmù márùn-ún, mẹ́fà. Bí àwo bá tún wá ń fò, Bọ̀ọ̀dá á fi kọ́bọ̀ lé apá lórí. Mo máa ń pariwo lé wọn pé, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa gbẹ́ àwo yẹn lu o!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún fi kọ́bọ̀ kejì lé e. Àwọn báàgì alágbèéká tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, tí ṣénjà wà nínú wọn, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń lo ṣẹ̀rámíìkì yẹn. Má jẹ́ kí n rí i nílé ẹ.

Nítorí kọ́bọ̀ Bọ̀ọ̀dá yìí ni mo ṣe sọ pé ẹnu abẹ́rẹ́ ló yẹ kí o kọ́kọ́ rò, kí o tó rò ó pé MM ni àbí MC. Ẹnu kan wà tó rí roboto. Òmíràn wà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kó lè tín-ín-rín. Òmíràn tún wà tí wọ́n gbẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ poro náà bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ gan-an. Kí o tó mọ ìyàtọ̀ wọn, àwo sákárà ni kí o gbé lé e, má gbé ti àwọn òyìnbó tí o ń rà kiri.

Ṣé o mọ̀ pé odindi ojú àwo sákárà tàbí àpàlà lè jẹ́ orin kan tí kò dúró rárá? Ní etí àwo, ara tu abẹ́rẹ́. Ibẹ̀ fẹ̀, poro tó ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà gùn, ohùn sì ráyè tẹ́. Bó bá ti ń sún mọ́ àárín, àwo ṣì ń yí bó ṣe ń yí, ṣùgbọ́n òbírí ẹ̀ ti kéré, ohùn tó tẹ́ tẹ́lẹ̀ ti wá fún pọ̀. Ẹnu roboto kò lè wọ àwọn kọ́nà kéékèèké ibẹ̀. Fetí sí gòjé nígbà náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí o gbọ́ gbogbo ẹyọ ẹ̀ kedere níbẹ̀rẹ̀ orin, á di ṣààà kan ṣoṣo. Ó sì lè jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ki olóbì kan ní Ṣágámù. Ọkùnrin náà ti náwó tán, ìwọ ò gbọ́ orúkọ ẹ̀.

Ẹnu tí wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń wọ àwọn kọ́nà yẹn dáadáa. Èyí tó tín-ín-rín jù wọ̀ wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí orí bá ṣe é, á tún kan ara ògiri tí abẹ́rẹ́ rédíógíràmù Bọ̀ọ̀dá kò fara kàn rí, àwo tí o rò pé ó ti kú á tún sọ̀rọ̀. Àmọ́ kò ní fi ìdọ̀tí kankan pamọ́ fún ẹ, gbogbo ibi tó ti ha àti eruku tó wà níbẹ̀ lo máa gbọ́. Roboto ń forí ji àwo àgbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí o ju roboto nù.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rà nìyí. Audio-Technica, àwọn ará Japan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ní ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní VM95. Ara kátíríìjì kan náà ni, abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi ló ń wọ̀ ọ́. VM95C ni ẹlẹ́nu roboto. VM95E ni wọ́n tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, mìlífóòtì 4 ló ń mú wá, gíráàmù 2 ni kí o gbé e sí. VM95ML ni èyí tó tín-ín-rín yẹn. Àwọn tó ṣe é fúnra wọn ní C á lò tó wákàtí 500, E 300, ML 1000. Ra E báyìí, ra abẹ́rẹ́ C sílẹ̀ fún àwọn àwo tí kọ́bọ̀ ti jẹ. Bí owó bá tún ń yọ ẹ́ lẹ́nu lọ́dún tó ń bọ̀, abẹ́rẹ́ ML nìkan lo máa rà, o ò ní ra ara.

O ní ọ̀rẹ́ ẹ ní 2M Red ló dáa. Kò purọ́. Ortofon ti wà ní Denmark láti 1918, iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ní etí tèmi, Red máa ń gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo síwájú, VM95E sì máa ń jẹ́ kí ohùn akọrin àti ìlù jókòó pa pọ̀. Ẹni tó fẹ́ jó, kó mú Red. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohun tí Hárúnà ń sọ, kó mú E. Bí Red bá sì wù ẹ́, abẹ́rẹ́ 2M Blue ń wọ ara ẹ̀, gíráàmù 1.8 ni kí o gbé e sí. Àmọ́ ẹni tó ní òun ní Shure tuntun láti tà fún ẹ lọ́jà Èkó, bi í léèrè ibi tó ti rí i. Shure kò ṣe kátíríìjì mọ́ láti 2018. Ó lè jẹ́ ọjà àtijọ́ tó fi pamọ́, ó sì lè jẹ́ ayédèrú.

Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó bí mi nínú gan-an. Jókòó dáadáa. Ta ló ní kí o gbé abẹ́rẹ́ yẹn lé àwo 78? Àwọn àwo tó wúwo yẹn, tó jẹ́ pé bó bá bọ́ lọ́wọ́ ẹni ó fọ́ nìyẹn, tí bàbá bàbá ẹ fi sílẹ̀! Irú wọn ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti kọrin sí ní London ní 1922. Irú wọn ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sí fún HMV ní 1937. Poro tiwọn fẹ̀. Ẹnu abẹ́rẹ́ tó tọ́ sí wọn tó 0.003 ínǹṣì, ti àwo ẹlẹ́pì, bí ẹnu ẹ̀ bá rí roboto, jẹ́ nǹkan bí 0.0007. Èyí tí o fi sí i kò kan ògiri poro, ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló ń wọ́lẹ̀ lọ, nínú ìdọ̀tí. Wọ́n sì po lẹ́búlẹ́bú òkúta mọ́ àwo yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kó lè máa pọ́n abẹ́rẹ́ irin tí wọ́n ń lò nígbà náà títí á fi bá poro mu. Ojú àwo kan, abẹ́rẹ́ kan, wọ́n á jù ú nù. Kí lo rò pé ó máa ṣe fún dáyámọ́ǹdì ẹ tó tín-ín-rín? Abẹ́rẹ́ wọn wà nínú ìdílé VM95 yẹn náà, SP ni wọ́n ń pè é, gíráàmù 5 ni tiẹ̀. Kí o sì wò ó bóyá ṣénjà ẹ tiẹ̀ mọ eré 78. Technics SL-1200MK2 tí àwọn DJ ń pariwo ẹ̀, 33 àti 45 nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí o bá fẹ́ dè é, pa iná ná. Wáyà mẹ́rin ló wà níbẹ̀: funfun àti búlúù ti òsì, pupa àti aláwọ̀ ewé ti ọ̀tún. Má fi agbára fà wọ́n, wọ́n máa já. Lẹ́yìn náà, yí irin wíwúwo tó wà lẹ́yìn apá títí apá á fi léfòó, tí kò ní lọ sókè tí kò ní wá sílẹ̀. Gbé nọ́ńbà ẹ̀ sí òdo níbẹ̀, kí o tó yí i dé gíráàmù tí mo sọ. Sùkéèlì kékeré kan wà tí wọ́n fi ń wọn abẹ́rẹ́, ra ọ̀kan, kò wọ́n. Kọ́bọ̀ kankan ò gbọdọ̀ débẹ̀. Wáyà ilẹ̀ tó so ṣénjà mọ́ àńpílífáyà, rí i pé ó mú. Ìdajì ariwo tí o ń gbọ́ lè tibẹ̀ wá.

Nígbà ọyẹ́, eruku Ṣágámù a máa rọ̀ mọ́ ẹnu abẹ́rẹ́ títí á fi di òwú. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí o fi nù ún, láti ẹ̀yìn wá síwájú, má fi ìka kàn án. Bí o bá fẹ́ fi rédíógíràmù Bọ̀ọ̀dá kọrin lórí jẹnẹrétọ̀, kó máà sáré jù: mọ́tò inú ẹ̀ ń tẹ̀ lé ìṣísẹ̀ iná ni, bí jẹnẹrétọ̀ bá sáré, Hárúnà á máa kọrin bí ọmọ ilé-ìwé. Mo ti gbọ́ ọ rí nílé ìsìnkú kan ní Ìperu, inú bí mi débi pé mi ò jẹ oúnjẹ wọn.

MC tí o rà, má tà á ní pọ̀ọ́ku. Dá a padà sínú páálí ẹ̀, fi ìdérí abẹ́rẹ́ bò ó. Lọ́jọ́ tí o bá ní ẹ̀rọ tó tọ́ sí i, o ó lò ó. Kó àwọn àwo 78 yẹn wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé, dúró ni kí o kó wọn sínú páálí, má tò wọ́n lé ara wọn. Màá ti ro ìkọ́kọrẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n bá òun bèèrè iye tí o ra ohun tó wà nínú páálí kékeré yẹn. Mo ní kó bi ọkọ ẹ̀.