Iyọ̀, Oògùn àti Ọ̀rọ̀ tí Fóònù ń Gbé Kiri

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba wá bá mi nílé. Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Mo bi í léèrè pé, "Ìyá, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́?" Ó ní òun ti pa á tì. Ó ní ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ àwọn lórí WhatsApp ni ó fi ohùn dókítà kan ránṣẹ́, pé oògùn òyìnbó náà a máa ba kíndìnrín jẹ́, pé kí á máa se ewé kan mu dípò rẹ̀. Mo ní, "Ta ni dókítà náà, mà?" Ìyá dáhùn pé, "Ọmọ mi, n ò mọ̀ ọ́n o, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni ire."

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: 190 lórí 110. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá, mo sì ní kí ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tú irọ́ inú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ni ó ń ba kíndìnrín jẹ́, òun náà ni ó sì ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Oògùn tí dókítà fúnni ń dá ààbò bo kíndìnrín ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí ó jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ lè rò pé ara òun ti yá, títí di ọjọ́ tí ẹnu rẹ̀ yóò wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí oògùn rẹ̀ kò bá lára mu, kí ó padà lọ sọ fún ẹni tí ó fún un. Onírúurú oògùn mìíràn ni ó wà.

Kì í ṣe òní ni ìròyìn ti ń rìn ní Ìbàdàn. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀ láti Mápó dé Bẹẹrẹ lórí ahọ́n àwọn aláró àti aláàárù, kí ó tó dé Beyerunka. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìlú wa yìí ni tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó kọ́kọ́ dé ní gbogbo Nàìjíríà. Nísinsìnyí, olúkúlùkù ni ó ní ilé iṣẹ́ ìròyìn tirẹ̀ lápò ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n lọ́jà, a lè di aṣọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀ mú pé, "Ta ló wí fún ọ?" Ta ni a ó dì mú lórí fóònù?

Àwọn tí ó wà nílùú ní oṣù kẹjọ ọdún 2014 kò níí gbàgbé. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ni ọkùnrin kan tí ó ní Ebola gúnlẹ̀ sí Èkó láti Làìbéríà, ẹ̀rù sì ba gbogbo wa. Nígbà tí ó di òru ọjọ́ 7 mọ́jú ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri: kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn mìíràn ní orógbó ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni ó jí èmi náà. Mo bá a wí, ó bínú, ó ní ìwé ń dà mí láàmú. Ìfẹ́ ni ó mú un pè mí, ìfẹ́ náà ni ó sì mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yára ju iná ọyẹ́ lọ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde lóṣù náà pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ mímu. Ìwọ̀n iyọ̀ tí WHO ní kí àgbàlagbà má ṣe kọjá lójúmọ́ kò tó gíráàmù 5, èyí tí í ṣe bíi ṣíbí ìpotíì kan. Bí ó bá pọ̀ lápọ̀jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a máa fa omi jáde láti inú ẹran ara, títí kan ọpọlọ. Gìrì lè mú ẹni náà, ó sì lè dákú. Fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ewu náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á da omi ìwẹ̀ nù pẹ̀lú ọmọ. Ní ọdún 2014 yẹn kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń fi fóònù jábọ̀ lójoojúmọ́ nípa àwọn tí ó fara kan aláìsàn, 894 ni wọ́n. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 kú, WHO sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Lónìí, bí aláìsàn bá nílò ẹ̀jẹ̀ ní UCH, ìpè kan lórí WhatsApp lè kó ọ̀dọ́ mẹ́wàá jọ. Màmá àgbà tí ó rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rín tí ó rín lọ́jọ́ náà kò sí lórí àtẹ oníṣègùn.

Ọ̀rọ̀ oorun ńkọ́? Àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán lóru, àwọn ọ̀dọ́ nílò mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó sùn, kí ẹ sì gbé tiyín náà sí pálọ̀. Ní ọdún 2023, olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ọ̀dọ́ tí ó bá ń lò ju wákàtí mẹ́ta lọ lójúmọ́ lórí irú ìkànnì wọ̀nyí, ewu ìbànújẹ́ ọkàn àti àìbalẹ̀ àyà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Ọsirélíà tilẹ̀ ṣòfin ní ọdún 2024 pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ìyẹn yóò ṣe rí ní ilé wa, níbi tí ọmọ ń lo fóònù ìyá rẹ̀, èmi kò lè wí.

Èyí tí ó ń bọ̀ le ju ti àná lọ. Ẹ̀rọ ti wà nísinsìnyí tí ó lè sín ohùn àti ojú ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ti gbé ojú àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn wa sórí Facebook, tí wọ́n fi ń polówó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí àwọn oníǹkan kò mọ̀ nípa rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp, ẹ mọ̀ pé ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín; láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹnìkan tàbí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni a lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi han nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ẹ tó gbé ohunkóhun sẹ́nu.

Ìyá elélùbọ́ ti padà sídìí oògùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 148 lórí 90. Mo ní kí ó jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ti ń gbọ́ iye tí èlùbọ́ jẹ́ ní Ṣakí kí ọkọ̀ tó dé.