Ajá Tó Lẹ́ni Lẹ́yìn: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ẹranko Ìta Tó Fara Pa

Àárọ̀ kùtù ni mo sábà máa ń rí wọn, lẹ́bàá títì Kachia tó la Sabon Tasha kọjá ní Kaduna. Kẹ̀kẹ́ Napep ti gbá ajá kan lóru, ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò tíì ṣí, ó ń lá ẹsẹ̀. Àwọn èrò ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Ẹnì kan á ní "kare ne", ajá lásán ni, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹnì kejì á dúró, àánú á ṣe é, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò ti fọwọ́ kàn án.

Ẹnì kejì yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ni í pa ọ̀bọ. Ajá ìta ò lẹ́nì kankan lẹ́yìn, ìyẹn gan-an sì ni àìsàn tó ń pa á jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á là, ipò ẹni ẹ̀yìn ló fẹ́ bọ́ sí yẹn, kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú ọjọ́ kan kò tó o.

1. Ẹ múra kí ẹ tó rí ajá

Ẹ wá àpò Ghana-must-go kan. Ẹ kó ìbọ̀wọ́ aláwọ sínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò, pẹ̀lú aṣọ ìbora àtijọ́, okùn tó gùn tó mítà méjì, bándéèjì, ọṣẹ, omi inú kẹ́ẹ̀gì àti páálí líle. Tó bá jẹ́ ológbò ni, agọ̀ adìyẹ tó ṣeé dé lórí ló dára jù. Ẹ fi ìwé olójú 40 kan àti bírò sí i. Ìwé yìí á wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ènìyàn. Ẹ wá dókítà ẹranko tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Veterinary Council of Nigeria, ẹ mọ ilé-ìtọ́jú rẹ̀ kí wàhálà tó dé. Bí ẹ bá béèrè "likitan dabbobi" ládùúgbò, wọn á júwe. Ọ̀ràn tó bá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ, bí egungun tó fọ́ yángá, ilé-ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Zaria, nǹkan bí 80 kìlómítà sí Kaduna. Ẹ sọ fún onílé yín pé ẹ fẹ́ máa gbé ẹranko wọlé. Ẹ sọ fún mai unguwa, olórí àdúgbò, pẹ̀lú, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ á kọ́kọ́ dé bí ajá bá gé ọmọ ẹnikẹ́ni jẹ.

Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ó máa ṣe é lemọ́lemọ́, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti ènìyàn ṣáájú.

2. Ẹ dúró lókèèrè, kí ẹ wò ó

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Dìgbòlugi, tí àwọn Hausa ń pè ní haukan kare, ni ẹ ń wá. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún lágbàáyé, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti ń pa èyí tó pọ̀ jù. Ajá ló ń kó o fún ènìyàn nínú ìgbà 99 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé itọ́ ń ṣàn wàràwàrà, ṣé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ já wálẹ̀ tí kò lè pa ẹnu dé? Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀: ṣé ó há, ṣé gbígbó rẹ̀ ti yí padà? Ẹ wo ìrìn rẹ̀: ṣé ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ láìsí ọgbẹ́, ṣé ó ń gé igi, òkúta àti táyà jẹ? Ajá tó máa ń sá fún ènìyàn tẹ́lẹ̀ tó wá ń sún mọ́ wọn lójijì náà yẹ ní fífura sí. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò, ẹ pe dókítà ẹranko, ẹ jẹ́ kí mai unguwa gbọ́.

Bí kò bá sí àmì kankan, ẹ bi àwọn tó wà nítòsí: "Ta ló ni ajá yìí?" Púpọ̀ nínú ajá tó ń rìn gbéregbère ní Sabon Tasha ló ní ilé tó ń sùn, ewúrẹ́ títì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kò lólówó. Ẹni tó gbé ẹran ẹlẹ́ran lọ láìbéèrè, olè ni wọn ó pè é.

3. Bó bá gé yín jẹ

Mo fi èyí ṣáájú bí a ṣe ń mú ajá, torí ó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ tó kan ara. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi ata, epo pupa tàbí kẹrosíìnì sí i. Ẹ gba ilé-ìwòsàn ènìyàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá jẹ́ pé eyín kàn ha awọ lásán. Láti Sabon Tasha, St. Gerard's ní Kakuri kò jìnnà, Barau Dikko sì wà láàárín ìlú. Ẹ tẹ̀ wọ́n láago ṣáájú, kí ẹ mọ ibi tí abẹ́rẹ́ wà. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò pin sí ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ gbà á dé ìparí bí dókítà ṣe là á sílẹ̀, ara ì báà ti yá yín.

Àwọn kan á ní kí wọ́n pa ajá náà, kí ẹni tó gé jẹ sì jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ajá kò wo dìgbòlugi. Ajá náà gan-an ni ẹ̀rí tí ẹ ní: ẹ dè é mọ́lẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá dá ṣáṣá títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé, kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé yín jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́.

4. Bí a ṣe ń mú un

Ẹ má dúró ṣánṣán lé e lórí, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Ẹ lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ajá Sabon Tasha gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, ṣùgbọ́n ohùn tútù kò ní èdè. Ẹ ju ẹran díẹ̀ sí i, kí ẹ dúró.

Ajá tí nǹkan ń dùn lè gé ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jẹ, torí náà ẹ di ẹnu rẹ̀. Ẹ fi bándéèjì ta kókó tó ṣeé fà, ẹ ti ẹ̀yìn rẹ̀ fi í bọ ẹnu, ẹ fà á, ẹ so ó lábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ wá fa orí bándéèjì méjèèjì lọ so sẹ́yìn etí rẹ̀. Ẹ má ṣe èyí fún ajá tó ń bì tàbí tí kò lè mí dáadáa; aṣọ ìbora ni kí ẹ fi bo ìyẹn lórí. Ẹ tú u kíá tí ẹ bá ti délé, nítorí ẹnu ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára, ooru Kaduna ní oṣù kẹta àti ìkẹrin kò sì ṣeé fi ṣeré. Ní ti ológbò, ẹ da aṣọ bò ó, ẹ wé e mọ́ aṣọ náà pọ̀ bí ọmọ tuntun, kí ẹ gbé e sínú agọ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá kán, ẹ má gbìyànjú láti nà án. Ẹ ti páálí tàbí pákó sábẹ́ rẹ̀, kí ènìyàn méjì gbé e.

5. Ọjọ́ àkọ́kọ́: ìdákẹ́jẹ́, omi, ìwé

Ẹ fi í sí igun tó ṣókùnkùn díẹ̀, tí kò sí ariwo, jìnnà sí ajá àti adìyẹ ilé. Lásìkò ọyẹ́, ẹ tẹ́ àpò àti aṣọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé wọn kò gbọdọ̀ wá wò ó lónìí.

Ẹ ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì. Bó bá pọ́n díẹ̀ bí ti ènìyàn, ó dára. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi sílẹ̀: àwọ̀ yẹ kó padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì. Èrìgì tó funfun bí ẹfun ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ ti ṣòfò, ó lè jẹ́ nínú ikùn. Ọ̀dọ̀ dókítà lọ́gán. Ẹ fa awọ èjìká rẹ̀ sókè. Bó bá dúró bẹ́ẹ̀ láìtètè padà, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ìgbóná ara ajá tó yá gágá wà láàárín 38 sí 39.2 lórí tẹmómítà, ó ju tiwa lọ, nítorí náà ẹ má fi ọwọ́ lásán wọ̀n ọ́n.

Bí kò bá bì, ẹ po ORS tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, kí ẹ máa fún un ní ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ má da omi sí ọ̀fun ẹranko tó ti dákú. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: aago, omi tó mu, bóyá ó tọ̀, bóyá ó yàgbẹ́. Ohun tí dókítà máa kọ́kọ́ bi yín nìyẹn.

6. Egbò, ìdin àti eégbọn

Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ po iyọ̀ ṣíbí ìtíì kan sínú ìdajì lítà. Ẹ gé irun tó yí egbò ká, ẹ máa da omi iyọ̀ náà lé e lórí títí ìdọ̀tí á fi ṣàn lọ. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré ṣa ìdin lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tó gba sùúrù ni. Egbò tó jìn, tó ń rùn tàbí tó ń ṣọyún, dókítà ló ni ín.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ lò ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ máa lò lọ. Epo ọkọ̀ àlòkù, "condemned oil" tí àwọn kan fi ń pa ajá tí irun rẹ̀ ń re, májèlé ni: ajá á lá a wọ inú. Sniper àti ọ̀tápiapia tí wọ́n ń bu lé eégbọn ń pa ajá pẹ̀lú eégbọn. Izal àti Dettol lè pa ológbò. Parasítámọ̀ ń pa ológbò, àní ẹyọ kan ṣoṣo. Ibuprofen ń ba inú àti kíndìnrín ajá jẹ́. Oògùn eégbọn àti ti ara yíyún wà, ṣùgbọ́n bí ẹranko ṣe wúwo sí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

7. Oúnjẹ

Ẹran tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ẹ bá gbé abọ́ kíkún síwájú rẹ̀, ẹ lè fi oore pa á. Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́. Ìrẹsì rírọ̀ tàbí tuwo pẹ̀lú adìyẹ bíbọ̀ tí a yọ eegun rẹ̀ dára. Ẹ má fi ata, iyọ̀, àlùbọ́sà tàbí Maggi sí i. Wàrà màlúù máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ wọn.

Ọmọ ajá tó ń bì, tó sì ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, àrùn parvo ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Kò ní í ràn yín, ṣùgbọ́n á pa àwọn ọmọ ajá tó kù nílé. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, ẹ fi Hypo fọ ilẹ̀ tó sùn sí. Ọṣẹ lásán kò pa kòkòrò yẹn.

8. Àjẹsára àti ọ̀dà

Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán. Kí dókítà fún un ní oògùn aràn, àti abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bó bá ti pé oṣù mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko, NVRI, ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ ajá nílẹ̀ yìí. Ẹ rántí pé dìgbòlugi lè sùn nínú ara fún oṣù bíi mélòó kan kó tó jí, torí náà ajá tó gba abẹ́rẹ́ lánàá ṣì yẹ ní ṣíṣọ́.

Bí ara rẹ̀ bá le, ẹ ní kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bó bá jẹ́ akọ, tàbí kó yọ ilé ọmọ rẹ̀ bó bá jẹ́ abo. Oṣù méjì péré ni abo ajá fi ń lóyún. Bí ẹ bá fi èyí sílẹ̀, mẹ́fà ni ẹ máa gbà là lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, dókítà á sọ pé ìrora náà kò ní í tán. Kí ẹ jẹ́ kó fi abẹ́rẹ́ mú un sun oorun àìjí, kí ẹ sì dúró tì í títí, apá kan iṣẹ́ ẹni ẹ̀yìn ni.

9. Ilé tuntun

Ẹ kọ́ ọ láti rìn pẹ̀lú okùn, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún nírọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kó dé ibi tí àwọn aládùúgbò tó jẹ́ mùsùlùmí ń gbé búta àlùwàlá sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé itọ́ ajá ń ba ìmọ́tótó ìrun wọn jẹ́, ẹni tí ẹ bá sì bọ̀wọ̀ fún kò ní í ju òkò lu ajá yín. Ológbò dúdú náà, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ará ilé kí ẹnikẹ́ni tó pè é lájẹ̀ẹ́.

Ẹ má jẹ́ kó wọ ọwọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ní Gúúsù Kaduna bíi ní Oǹdó, àwọn kan ń jẹ ajá. 404 ni wọ́n ń pè é, wọ́n ní orúkọ ọkọ̀ Peugeot ni wọ́n fi sọ ọ́. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó ń jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí kòkòrò dìgbòlugi nínú ọpọlọ ajá tí wọ́n pa fún jíjẹ ní Nàìjíríà, ewu rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kun ẹran náà. Torí náà, ẹ lọ wo ilé tó ń lọ. Ẹ bi wọ́n ta ni yóò máa gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọọdún. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan.

Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ẹ fún ẹni tó gbà á ní ìwé olójú 40 yẹn, pẹ̀lú gbogbo aago tí ẹ kọ sínú rẹ̀. Kó kọ orúkọ tirẹ̀ sí ojú ewé tó kàn. Ajá náà ti lẹ́ni lẹ́yìn nìyẹn, ọwọ́ yín sì ṣófo fún èyí tó wà ní ìdí ṣọ́ọ̀bù lọ́la.