Kí A Wádìí Kí A Tó Sọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Ara Ayé Kan Tó Jìnnà Réré

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun ní Ẹ̀sà-Òkè, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun, pàápàá jù lọ nípa ahọ́n wa.

Nínú Sūratul-Hujurāt, āyà kẹfà, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a wádìí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé bá mú wá, kí a má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíràn ní aburú.

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2005, wọ́n ń ṣọ́ ìràwọ̀ kan tó jìnnà púpọ̀. Ìràwọ̀ mìíràn tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá. Agbára òòfà ti iwájú fa ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀yìn tẹ̀, ó sì kó o jọ, gẹ́gẹ́ bí gíláàsì tí àwọn bàbá wa fi ń ka Àlùkùránì ṣe ń mú lẹ́tà kékeré tóbi lójú. Ìràwọ̀ ẹ̀yìn wá mọ́lẹ̀ sí i, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Einstein ti sọ pé òòfà a máa fa ìmọ́lẹ̀ tẹ̀. Eddington sì lọ wò ó ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìmọ́lẹ̀ tó ń rẹlẹ̀ náà ṣàdédé tún ga díẹ̀, fún ìwọ̀nba wákàtí. Awò tó wà ní ilẹ̀ Chile rí i. Àwọn tó wà ní Australia àti New Zealand náà rí i. Síbẹ̀, wọn kò pariwo. Wọ́n ṣírò, wọ́n fi ẹ̀rí wéra, wọ́n bi ara wọn bóyá nǹkan mìíràn ni ó fà á. Oṣù kìíní ọdún 2006 ni wọ́n tó kéde pé ayé kan ń yí ìràwọ̀ iwájú po, tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún àti ààbọ̀ ti ayé wa. Orúkọ tí wọ́n fún un ni OGLE-2005-BLG-390Lb. Nǹkan bí 20,000 ọdún ni ìmọ́lẹ̀ fi ń rìn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú ẹnikẹ́ni kò rí i rí. Ẹ̀rí ni a fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ará, ayé tí kò ní orúkọ rere tí a lè bà jẹ́, oṣù márùn-ún ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Àwa ńkọ́, nípa iyì ọmọlàkejì wa? Ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn Àsùbáà, kí á tó kí Àlàásárì, ó ti dé gbogbo ilé lórí fóònù. A mọ ìyàwó ilé kan tí wọ́n fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lé jáde nílé ọkọ. Nígbà tí òtítọ́ jáde, ta ni ó lọ láti ilé dé ilé láti sọ pé irọ́ ni? Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ọjọ́ tí Ibrahim, ọmọ Ànábì wa, kú, oòrùn ṣókùnkùn. Àwọn ènìyàn ní ikú ọmọ náà ló fà á. Ọ̀rọ̀ náà ìbá gbé e ga lójú wọn, ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ ọ́: ó ní oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, bí ìròyìn bá dé, kí a bèèrè ẹni tí ó fojú ara rẹ̀ rí i. Kí a bèèrè bóyá ẹlòmíràn rí i pẹ̀lú. Bí kò bá sí ẹ̀rí, kí a dákẹ́. Ẹni tí ó sì ti tan irọ́ kálẹ̀, kí ó padà sí ibi tí ó sọ ọ́ sí, kí ó tún un ṣe lónìí.

A ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ara wa àti fún ẹ̀yin. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa. Áàmín.